Ọjọ́ mẹ́fà, ọgbà ẹ̀wọ̀n márùn-ún: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àwa akọrin

Alẹ́ Àìkú, Ìbàdàn

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí a tó di ẹrù tán. Ọṣẹ ìfọṣọ, gààrí, iyọ̀, tíṣù, páàdì àwọn obìnrin, àti òògùn ara yíyún tí nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa fúnra rẹ̀ lọ rà. Irinṣẹ́ orin ló kẹ́yìn: gángan kan, bẹ́ńbẹ́ kan, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi, àti dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì. Mọ́kànlá ni wá pẹ̀lú awakọ̀. Ọdún kẹfà mi rèé nínú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ oorun kì í kùn mí lálẹ́ tó bá ku ọ̀la kí a gbéra.

Kí a tó túká, Bàbá Akọrin ka òfin sí etí àwọn mẹ́ta tí ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyí. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣe tó fi débẹ̀. Ẹ má gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, ẹ má gba nọ́ńbà. Ẹ má sọ àsọtẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹnì kan ń lọ sílé. Bàbá ní òun ti rí ọkùnrin kan tó di ẹrù rẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tó jókòó tì í títí oṣù fi tán. Paríparí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé orin ọ̀tá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló burú nínú orin ọ̀tá?" Èyí tó kéré jù nínú wọn ló béèrè.

"Ọmọ mi, ẹni tó fa ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe àjèjì. Àbúrò ìyá ẹlòmíràn ni, ọ̀rẹ́ ẹlòmíràn ni. Bí o bá ní kí ọ̀tá kú, ojú ẹnì kan pàtó ni yóò yọ sí i. Ṣé àdúrà tí a fẹ́ lọ bá wọn gbà nìyẹn?"

Ọmọ náà mi orí. Mo rí i nígbà tó fi bírò fa igi sórí orin méjì nínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, Agodi

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún 2019 ni òfin tuntun ti yí orúkọ iléeṣẹ́ wọn padà, tí wọ́n ní kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́, ọgbà àtúnṣe ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ará Ìbàdàn kan tó pè é bẹ́ẹ̀.

A kó fóònù, owó àti bẹ́líìtì sílẹ̀. Wọ́dà tó yẹ ẹrù wa wò kò yára rárá, inú mi sì dùn sí i, nítorí ẹni tó bá fara balẹ̀ yẹ ẹrù ẹni wò kì í padà wá dá ẹni dúró nínú. Orí gángan ló pẹ́ sí jù. Ó tẹ awọ rẹ̀, ó gbé e sétí, ó mì í, ó fi ìka tọ ọṣán rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó wá gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, ó ń wo ibi tó tẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ọ̀gá, òun ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ọ̀pá ìlù, 1. Ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde.

A ti ń gbọ́ orin wọn kí a tó kọjá ilẹ̀kùn kejì. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwa là ń gbé ìsìn wọlé lọ fún wọn. Ìjọ ti wà nínú ọgbà kí àlejò tó dé. Wọ́n ní pásítọ̀ tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwọn, wọ́n ní akọrin, wọ́n ní ẹni tó ń to bẹ́ǹṣì, wọ́n ní ọjọ́ ààwẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, a kọ orin mẹ́jọ léra wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa bí ẹni ń wòran. Inú wa dùn títí a fi jáde. Bàbá Akọrin kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gba orin lẹ́nu wọn." Gbólóhùn yẹn dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó kọ ẹyọ kan láti fi kí wọn. Tó bá ti parí, àwọn ni yóò máa lé, àwa yóò máa gbè.

Ìkíni náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Èèyàn kò lè kí wọn pé ẹ kú ilé. "Ẹ kú ìrọ́jú" la fi ń kí wọn, wọn a sì dáhùn pé ẹ kú ọ̀nà.

Ìlà mẹ́ta ni akọrin wọn tò sí lónìí, àyè mẹ́rin sì ṣófo nínú ìlà ẹ̀yìn. Mo rò pé ara àwọn mẹ́rin náà ni kò yá. Àṣé kóòtù ni wọ́n lọ, ọkọ̀ ti kó wọn láti àárọ̀, gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ sì bá wọn lọ. Ní orílẹ̀-èdè wa, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ni kò tíì sí adájọ́ kankan tó dá wọn lẹ́bi, ìdí nìyí tí akọrin wọn kì í fi í pé. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé wọn kò sún mọ́ra wọn láti dí àyè náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí orin bá dé ibi tó yẹ kí ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn, wọn a dákẹ́ díẹ̀, wọn a jẹ́ kó kọjá, wọn a tún gbé e. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, méjì nínú àwọn ọkùnrin wa lọ dúró lẹ́yìn àyè náà, wọn kò wọ inú rẹ̀ o, wọ́n sì ń bá wọn dáhùn láti ibẹ̀.

Ìṣẹ́gun, Ọ̀yọ́

Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò jìn, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ pa rọ́rọ́. Gbogbo wa la mọ ibi tí à ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo, wọ́n fi nǹkan abúgbàù fọ́ ògiri, àwọn tó lé ní 800 sì bá ibẹ̀ jáde. Àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ni wọ́n. Ilé àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ àti ti àwọn obìnrin kò fara gbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ ni wọ́n tún rí mú padà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé orin tí a máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ń sọ ti Pọ́ọ̀lù àti Sílà, bí wọ́n ṣe kọrin ní ọ̀gànjọ́ òru tí ilẹ̀ mì tìtì, tí ilẹ̀kùn túbú sì ṣí. Ṣé ó yẹ ká lọ máa kọ orin ilẹ̀kùn ṣíṣí níbi tí wọ́n ti fọ́ ògiri? Àwọn kan ní ká fò ó. Àwọn kan ní Bíbélì kúkú ni. Bàbá Akọrin gbọ́ tiwọn tán, ó ní inú ìtàn náà gan-an ni èsì wà. Ó ní a máa ń dánu dúró níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, bẹ́ẹ̀ ni nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, kò sí ẹnì kan tó sá. Ẹ̀ṣọ́ túbú ló jí, tó rí i pé ibodè ṣí sílẹ̀, tó fa idà yọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ló kígbe mọ́ ọn pé kó má pa ara rẹ̀ lára. A kọ orin náà. Kí a tó kọ ọ́, Bàbá sọ ìtàn yìí, ó sì ń wo àwọn wọ́dà bó ṣe ń wo àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́dà kan wà tó ti dúró ti ògiri láti ìgbà tí a dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi idà yẹn, ó wá àyè lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sáàárín àwọn tó ń ṣọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan wá bá onílù wa. Ó tó ẹni ogójì ọdún.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e wò. Ọmọ Àyàn ni mí."

Onílù wa gbé gángan fún un lọ́wọ́ méjèèjì. Ọkùnrin náà kò gbé e kọ́ apá. Ó gbé e lé itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ awọ rẹ̀ yípo, ó wá ń fa ọṣán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó ní, "Méjì ti dẹ̀ níbí. Ìdí nìyẹn tí ohùn òkè fi ń ya." Ó fi eyín tú kókó ibẹ̀, ó fi itọ́ pa ọṣán náà, ó fà á, ó tún un so, ó fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú ogún. Gbogbo wa dúró ń wò ó, pàápàá wọ́dà tó yẹ kó sọ pé àsìkò ti tó.

Mo rò pé yóò lù ú. Ó dá a padà fún onílù wa, ó sì kúnlẹ̀ lé orúnkún kan. Ó ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀ lórí òun, ó sì di ọdún kẹrin báyìí. "Ẹ bá mi lù ú." Onílù wa lù ú. Ohùn òkè náà mọ́ bí omi àmù.

Ọjọ́rú, ìlú kan lójú ọ̀nà

N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ìwé àṣẹ wa kò sí nínú fáìlì, ẹni tó gbà á kò sí níbi iṣẹ́, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ la sì fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n abẹ́ igi yẹn náà ni àwọn ẹbí máa ń jókòó sí, n kò sì tíì bá wọn jókòó rí láti ọdún mẹ́fà. À ń kọjá lára wọn ni. Ìyá kan wà tó gbé kúlà kékeré lé ẹsẹ̀, ó ní òun ti kúrò nílé láti ìdájí. Àkọ́bí rẹ̀ ló wà nínú. Nígbà tí wọ́n pè é, mo bá a gbé kúlà dé ibi tábìlì. Wọ́dà obìnrin tó wà níbẹ̀ kí i dáadáa, ó ṣí kúlà, ó wá ní, "Màmá, ẹ tọ́ ọ wò." Òfin ni, ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ìyá náà yọ ṣíbí tí ó fi tíṣù wé nínú àpò rẹ̀. Ó bu ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan, ó bu dòdò, ó já ẹran díẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lójú wa. Kò yára. Nígbà tó gbé e mì tán, ó nu ṣíbí náà mọ́, ó tún un wé, ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé." Kì í ṣe wọ́dà ló ń bá sọ̀rọ̀.

A padà rí àyè wọlé fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Orin méjì péré la gbè. Mi ò mọ èwo nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà níwájú mi ni ọmọ rẹ̀, mo kàn ń wo ẹnu wọn.

Ọjọ́bọ̀, Abẹ́òkúta

Ìrìn nìkan la rìn lónìí. A sùn sí ilé ìjọ kan tó gbà wá lálejò, a fọ aṣọ, a tún orin kọ. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wa wú díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti fi omi iyọ̀ gbígbóná tọ́jú rẹ̀.

Ẹtì, Ìbarà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dùn jù nínú ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti òní ni n ó sọ.

A fi orin àtijọ́ kan kí wọn, orin tí àwọn òyìnbó fún ní ohùn tí àwọn baba wa sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ṣe àmín. Bàbá kan tó ní olùkọ́ lòun kí ọ̀rọ̀ tó dé na ọwọ́ sókè.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Orin náà dára. Ṣùgbọ́n igbá ni mo gbọ́."

Kò yé wa. Ó ní ká tún ìlà kejì kọ. A tún un kọ. Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ìgbà gbogbo lẹ fẹ́ pè, ohùn orin sì gbé e sókè lẹ́yìn. Igbá gbogbo ló ń jáde lẹ́nu yín. Ẹni tí kò bá ti mọ orin náà láti kékeré, igbá ni yóò máa wò yíká." Òótọ́ ọ̀rọ̀. Láti ìgbà ọmọdé ni mo ti ń kọ orin yẹn, n kò gbọ́ igbá nínú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n láti òní lọ n kò ní gbọ́ nǹkan míì mọ́.

Ìlú Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ti ṣiṣẹ́. Ó fi ohùn ìbílẹ̀ sí orin ìjọ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè dún bí a ṣe ń sọ ọ́, ó sì lọ gba àwọn orin náà sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922. Bàbá Akọrin sọ èyí fún wọn. Olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ sọ pé iṣẹ́ náà kò tíì parí, pé ìdí nìyí tí àwọn fi ń ṣe orin tiwọn níbí. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ gbé e."

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá kan ni ìlù wọn, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ti dán níbi tí àtẹ́lẹ́wọ́ ń bọ́ sí, funfun ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ara rẹ̀ tó kù, ó rí roboto bí òṣùpá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lù ú a ti ìka bọ omi, a fi pa etí rẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì rọ̀ bíi ti bẹ́ńbẹ́. Onílù wa kó kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ sápò. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ná.

Orin wọn kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

Bí ilẹ̀ bá ṣú, o mọ̀ mí,
Bí ilẹ̀ bá mọ́, o mọ̀ mí,
Kọ́kọ́rọ́ mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ,
N ò bínú sí wọ́dà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló dún bó ṣe yẹ kó dún. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹrin, wọ́dà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbé ìlà náà pẹ̀lú wọn, ó hàn gbangba pé ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ wa, mo bọ́ sẹ́yìn, mo ń gbè. Ọmọdékùnrin kan tí kò lè ju ogún ọdún lọ ni elé, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ṣáájú rẹ̀ wọ ìlà, a dúró, a jẹ́ kí n padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo mọ ibi tí ó ti ń mí.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, olùkọ́ yẹn bọ̀ mí lọ́wọ́. Bí a ṣe máa ń dágbére níbẹ̀ ni pé, "Ẹ ò ní bá wa níbí mọ́." Mo ṣe àmín. Ó ní, "Ẹ bá wa kọ ọ́ níta." Mo ti ń kọ ọ́ láti ìgbà náà.

Àbámẹ́ta, Èkó

Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ní Kíríkírì la kẹ́yìn sí. Àwọn obìnrin kò dúró de kí a kí wọn tán, wọ́n ti ń jó. A pín páàdì, ọṣẹ àti òògùn lẹ́yìn ìsìn, nọ́ọ̀sì wa sì jókòó ti àwọn tó ní ìbéèrè.

Àwọn ìyá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Òfin gba kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú ọgbà títí yóò fi pé oṣù 18. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró, rá wá sídìí mi, ó di okùn ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi mú. Mo mì ín díẹ̀. Ó fò, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún dì í mú. Ìyá rẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Kò rí irú ẹ̀ rí." Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé igbá náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lù ú, kò lu ìlẹ̀kẹ̀, ara igbá gan-an ló ń lù, ó sì ń gbé etí sí i.

Nígbà tí àsìkò tó, n kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wọn, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú iná, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àwọn akọrin wọn: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, 1.

Kí a tó kúrò l'Ékòó, Bàbá Akọrin ní kí awakọ̀ gbà wá dé Broad Street. Ẹ̀wọ̀n tí ìjọba amúnisìn kọ́ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n pè ní Freedom Park. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún àwọn ènìyàn ni wọ́n gbé pèpéle orin lé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn fún eré alẹ́ nígbà tí a dé. Bàbá ṣí fìlà, ó dúró níwájú pèpéle náà fún ìgbà pípẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó wá wẹ̀yìn, ó wò mí.

"Ìyá Ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, lé tàwọn ará Ìbarà fún wa."

Mo na ọwọ́ sí àpò mi, mo rántí pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fi àtẹ́lẹ́wọ́ lu itan mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo dúró níbi tí ọmọdékùnrin yẹn ti ń mí, mo sì gbé e.